Ẹni tó ta ilẹ̀ kọ́ ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀

Okun o, ẹ̀yin tèmi. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo kọ nǹkan kẹ́yìn, iṣẹ́ ilé ìwé ò jẹ́ n rímú mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi látìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sì lè dákẹ́ sí i mọ́. Wọ́n kọ́ ilé epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ilé epo nìkan kọ́ o, páàkì tírélà wà lẹ́yìn ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n tún ní hòtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ tó bá yá. Epo ti ń jáde, mọ́tò ti ń sùn nínú páàkì, àwọn ṣọ́ọ̀bù ti débi òrùlé, hòtẹ́ẹ̀lì nìkan ló ṣì wà lórí ìwé.

Ẹni tí ò bá mọ ọ̀dọ̀ wa, apá Kàbà nílẹ̀ Okun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ni abúlé wa wà, kò jìnnà sí títì tó gba Ẹkinrin-Àdè àti Ìyàmoyè kọjá lọ sí Òmùò-Èkìtì. Ilé wa ló kẹ́yìn lápá ọ̀hún. Kàdúná ni bàbá mi ti fi gbogbo agbára ẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba, bí ọ̀pọ̀ bàbá ilẹ̀ wa ṣe ṣe láyé ìgbà yẹn, nígbà tó wá fẹ́ kọ́lé sílé ó ní òun ò fẹ́ àárín ọjà, òun ò fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, ariwo tí òun gbọ́ lọ́hùn-ún ti tó òun. Ló bá lọ kọ́ ọ síbi tí àwọn èèyàn ń sọ nígbà yẹn pé inú igbó ni. Ó gbin kajú sẹ́yìn, lẹ́yìn kajú ni oko ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn oko ni àpáta pẹrẹsẹ kan wà tí gbogbo àwọn obìnrin agbo ilé wa ti ń sá èlùbọ́ látayébáyé, ìsàlẹ̀ àpáta yẹn lodò wà. Bàbá ti lọ sinmi, èmi àti màámi la wà nílé báyìí. Mo ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé girama tó wà níbí, mi ò sì ṣe tán láti lọ ibòmíràn.

Ibẹ̀ pa rọ́rọ́ tẹ́lẹ̀. Kódà ṣe lẹ tún wá ń gbọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn gan-an lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023, torí àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ lábúlé gbé e jù sí kọ̀rọ̀, owó epo ò ṣe é rò. Láago mẹ́jọ alẹ́ ẹ máa gbọ́ ẹni tó ń gúnyán nílé kẹta sí wa, ẹ sì lè mọ ẹni tí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lókè yẹn jẹ́ tiẹ̀. Màámi kì í bi mí pé ta ló wọlé, á ti gbọ́ ẹsẹ̀ onítọ̀hún.

Mi ò lè sọ pé ojijì ni ilé epo yìí dé o, ẹni tó bá ń wo ọ̀nà ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Títì Ọbájànà sí Kàbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ibẹ̀ láyé ọjọ́un mọ bó ṣe rí, kòtò lórí kòtò, ẹni tó ń lọ Lọ́kọ́ja á ti gbàdúrà kó tó gbéra. Ìgbà tí wọ́n fi kọnkéré ṣe gbogbo ẹ̀ tán, nǹkan bíi kìlómítà 43, kì í ṣe ọ̀dà o, kọnkéré gidi, ṣe làwọn èèyàn ń dúpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà dúpẹ́, mo ṣì ń dúpẹ́ di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àìsàn tó bá le, èèyàn á tètè débi ìtọ́jú. Iṣu àti kajú wa ń dé ọjà kó tó bàjẹ́. Àmọ́ ọ̀nà tó bá dáa, gbogbo ẹsẹ̀ ló ń gbà á. Sìmẹ́ńtì ń jáde l'Ọ́bájànà tọ̀sán tòru, tírélà kan á kó àpò 600, kílò 50 ni àpò kan, ìyẹn nìkan ti tó tọ́ọ̀nù 30 kẹ́ ẹ tó ṣírò mọ́tò fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá dé Kàbà, àwọn kan á yà sápá Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin, àwọn kan á gba ọ̀dọ̀ wa bọ́ sí Èkìtì. Dírẹ́bà tó wa irú ẹrù yẹn nílò dísù, ó nílò ẹni tó máa bá a lẹ táyà, ó nílò oúnjẹ, ó nílò ibi tó máa sùn, pàápàá tilẹ̀ bá ti ṣú tí ò fẹ́ rìn torí àwọn ajínigbé. Ẹni tó lówó á sì wo ọ̀nà yẹn, á sọ pé níbo ni mo ti lè rí ilẹ̀ rà. Mi ò bá oníṣòwò jà torí ìyẹn, ohun tí oníṣòwò ń ṣe nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ àwa tá a ni ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí a ṣe mọ̀ ni pé màámi jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan láti lọ ṣa kajú, ó bá àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbé irin onẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, sọ̀féyọ̀ ni wọ́n, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn igi kajú. Ó kí wọn, wọ́n kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ọmọlúwàbí ni wọ́n. Ó ní ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ̀ ń wá níbí? Wọ́n ní màmá ẹ má bínú, wọ́n rán wa níṣẹ́ ni, ẹ pe àwọn ẹbí yín. Ó dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi parí, ó sì rìn tọ igi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sàmì sí, ó ń fọwọ́ kàn án. Bàbá mi ló gbin àwọn igi yẹn, màámi ló sì ń bomi sí wọn nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó, torí Kàdúná ni bàbá máa ń padà sí.

Mo pe bàbá kékeré mi l'Ábújá lọ́jọ́ náà.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, sà.”

“Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni? Màmá yín ńkọ́?”

“Wọ́n wà dáadáa, sà. Àwọn sọ̀féyọ̀ kan la rí lẹ́yìn ilé, wọ́n ní ẹbí ló ta ilẹ̀.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ẹ̀n, a ti tà á. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí ni, kì í ṣe ilẹ̀ bàbá yín nìkan.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò sọ pé ti bàbá mi nìkan ni. Ta ló bi wá ni mò ń bèèrè.”

“Àwọn tó yẹ kó mọ̀ ti mọ̀. Ìwọ, o máa lọ ilé ọkọ lọ́jọ́ kan, kí lo fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe?”

Mo dúpẹ́, mo ní ó dàárọ̀ sà, mo sì jókòó sí orí bẹ́ǹṣì iwájú ilé fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé wọ́n ti pín owó yẹn kó tó di pé sọ̀féyọ̀ tẹlẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa ní Lọ́kọ́ja gba tiẹ̀, ti Abújá gba tiẹ̀, àwọn tó wà l'Ékòó gba tiwọn nínú báǹkì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà gba tiẹ̀, ó ní òun rò pé wọ́n ti sọ fún wa nílé. Nínú gbogbo àwọn tó buwọ́ lùwé yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń sùn sí abúlé yìí. Ẹni tó ń sùn níbẹ̀, ìyàwó ilé ni wọ́n pè é, àti ọmọbìnrin.

Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, tí mo fi ń kọ nǹkan yìí. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má ta ilẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ ń bẹ, àìsàn ń bẹ, mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn bàbá yẹn fi owó tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, inú mi sì dùn pé ara ẹ̀ ti yá. Àmọ́ ìlú tó jìn ni gbogbo ọwọ́ tó ta á wà, ilé wa ni gbogbo etí tó ń gbọ́ ariwo ẹ̀ wà. Ẹ wo Ìjùmú, ẹ wo Yàgbà, ẹ wo Bùnú, ẹ wo Ọ̀wọ́rọ̀, bó ṣe ń lọ nìyẹn káàkiri. Ilẹ̀ Okun ti rán ọmọ lọ ìdálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí pọ̀ lọ́hùn-ún ju nílé lọ, ẹni tó bá sì jìnnà, ilẹ̀ lójú tiẹ̀ kò ju nọ́ńbà tó wà nínú ìwé lọ. Kò rántí odò tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Bóyá kò tilẹ̀ débẹ̀ rí látìgbà tó ti wà lọ́mọdé.

Mo lọ bá lọ́yà obìnrin kan ní Kàbà, kí n lè mọ ibi tá a dúró. Ó ṣàlàyé fún mi dáadáa, màá sì sọ ọ́ síbí torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ó ní tí olórí ẹbí ò bá lọ́wọ́ sí títà ilẹ̀ ẹbí, títà yẹn ò sí rárá, bí ẹni pé wọn ò ta nǹkan kan ni. Tí olórí ẹbí bá fọwọ́ sí i àmọ́ tí wọn ò pe àwọn aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan, títà yẹn wà o, ṣùgbọ́n àwọn tí wọn ò pè lè lọ sí kóòtù kí wọ́n tú u ká, tí wọ́n bá tètè lọ, torí tí wọ́n bá jókòó tí wọ́n ń wo ẹni tó rà á títí ó fi kọ́lé tán, adájọ́ á bi wọ́n pé níbo lẹ wà. Ó ní Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ilẹ̀ ìgbèríko bíi tiwa sì wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ láti bójú tó, òfin yẹn ò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí tó ń lò ó tẹ́lẹ̀, ó kàn ní ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ ni. Mélòó nínú wa ló ń gba àṣẹ yẹn? Ìwé kékeré kan ni wọ́n ń kọ, ẹlẹ́rìí méjì, ó tán. Mo tún bi í nípa ọ̀rọ̀ ilé ọkọ tí bàbá kékeré sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nílẹ̀ Yorùbá ọmọ lọmọ, obìnrin àti ọkùnrin ló ni ogún bàbá wọn, pé mo bá lọ ilé ọkọ ò sọ pé n kì í ṣe ọmọ bàbá mi mọ́.

A ò lọ kóòtù ṣá. Màámi ló kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní gbé àbúrò ọkọ àwọn lọ síwájú adájọ́, wọ́n ní ta ló máa jókòó ti òkú àwọn tó bá yá. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Katapílà sì ti wọlé kí n tó gba owó oṣù tí mo lè fi san lọ́yà.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí láti máa gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, torí ẹni tí ò gbé ẹ̀gbẹ́ páàkì tírélà rí á rò pé ọ̀rọ̀ ariwo nìkan ni.

Ariwo ńkọ́, ó wà. Jẹnẹrétọ̀ ilé epo ń ṣiṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ògiri yàrá màámi ló kọjú sí. Láago mẹ́rin ìdájí àwọn dírẹ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé íńjìnnì sílẹ̀ kó gbóná, wọn ò ní lọ o, wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á lọ fọnu, wọ́n á lọ kírun, íńjìnnì á máa bú ramúramù, tí wọ́n bá wá tú bíréèkì, afẹ́fẹ́ ẹ̀ á sọ fííìn tí àwọn adìyẹ á fò sókè. Iná ńlá tí wọ́n gbé sórí òpó ń mọ́lẹ̀ wọ ilé wa, a ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, gbogbo esunsun tó jáde lápá ibí ló lọ bá iná yẹn, ilẹ̀ funfun fún ìyẹ́ wọn láàárọ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ èlùbọ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn màámi bẹ iṣu bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n sá a sórí àpáta. Ọjọ́ kejì wọ́n pè mí. Wọ́n mú ẹyọ kan dání, wọ́n fi ìka nù ún, ìka wọn dúdú. Èéfín dísù ni. Ó bà lé gbogbo ojú iṣu tó ń gbẹ yẹn bíi ẹyin kòkòrò, kékeré kékeré, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á ó máa fà bí ìyẹ̀fun dúdú. Wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n ní kí n gbóòórùn ẹ̀. Àpáta yẹn mọ́ láti ìgbà tí àwọn ìyá ọkọ wọn ti ń lò ó, òjò ló máa ń fọ̀ ọ́, oòrùn á yan án, kì í ní eruku bíi ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ìdí tí èlùbọ́ wa fi máa ń wuyì lọ́jà nìyẹn. Wọ́n da gbogbo èyí tí wọ́n sá nù. Mo ní ká fọ̀ ọ́, wọ́n ní iṣu tó ti fẹ́ gbẹ, tẹ́ ẹ bá tún bu omi sí i, ó bu nìyẹn. Àwọn obìnrin méjì míràn nínú agbo ilé náà kó tiwọn kúrò. Ibi tí wọ́n ń sá a sí báyìí ni orí páànù nínú àgbàlá, kò tó nǹkan, ewúrẹ́ sì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Omi ló tún ń dẹ́rù bà mí. Ilẹ̀ wa ò jìn sí àpáta, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá gbẹ́ kànga níbí, ẹ ò ní lọ jìnnà kí irin tó máa dún kan òkúta, omi tá à ń mu, àárín ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí òkúta yẹn àti inú ibi tí òkúta ti sán ló ń fara pamọ́ sí. Ohun tó bá dà sórí ilẹ̀, kò ní ibi tó jìn tó máa gbà kó tó bá omi. Nínú páàkì yẹn, mo ti fi ojú mi rí i, ọmọ mẹkáníìkì kan rọ̀ sábẹ́ tírélà, ó tú ọ́ọ̀lì íńjìnnì tó ti dúdú sínú yanrìn, ó fi ẹsẹ̀ gbá yanrìn lé e lórí, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni páàkì dagẹ̀rẹ̀ sí, ìsàlẹ̀ lodò wa wà. Òjò ò tíì rọ̀ dáadáa. Ohun tí mo ń wò nìyẹn lójoojúmọ́, mo ń wo ojú ọ̀run.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó dáa níbẹ̀ o, torí ẹ̀yin ará abúlé wa tó bá kà á máa sọ pé mo gbàgbé. Ìyá ọmọ kan ní kíláàsì mi, opó ni, ó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́nu páàkì yẹn, látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ọmọ ẹ̀ ò jẹ gbèsè owó ìwé mọ́. Ọmọkùnrin méjì tó jókòó sílé látìgbà tí wọ́n ti ṣe WAEC ń lẹ táyà. Iná yẹn tí mò ń ráhùn sí, àwọn kan ń fi ọkàn balẹ̀ rìn lábẹ́ ẹ̀ lálẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú àwọn èèyàn ti rí lọ́wọ́ ajínigbé ní Yàgbà àti Bùnú lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn. Àwọn gáàdì ilé epo kì í sùn lóru, ìyẹn dáa fún èmi àti màámi náà.

Àmọ́ mo tún ti bá ọmọbìnrin kan ní SS1 níbẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó gbé omi inú ike lórí, ó ń ti ẹnu ọ̀nà mọ́tò kan bọ́ sí òmíràn. Mo pè é, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo bi í pé ta ló rán ẹ, ó ní ìyá òun ni. Mo gbé e lọ sílé. Mo bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ bí obìnrin sí obìnrin, mi ò bú u, torí mo mọ̀ pé owó omi yẹn ló ń ra gaàrí. Ó ti gbà pé ọmọ ò ní kọjá ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀ mọ́. Mo ṣì ń wo ibẹ̀.

Ẹni tó ni ilé epo, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa náà ni. Nígbà tí màámi ti sọ pé kò sí kóòtù, mo ní ẹ jẹ́ ká lọ bá a fúnra wa. Èmi, baálé wa, àti àwọn àgbà méjì la lọ. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ tí ò kúrò lọ́kàn mi ni pé, “Ẹ̀yin àgbà, mo bi àwọn tó ta á fún mi pé ṣé ẹnì kan ń gbé itòsí, wọ́n ní kò sí, wọ́n ní igbó ni.” Ó ní òun ò mọ̀ pé àwọn obìnrin ń lo àpáta yẹn, òun ò mọ̀ pé odò wà. Mo gbà á gbọ́, torí mo ti mọ àwọn tó bi léèrè. Igbó ni. Ilé tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn wà ńbẹ̀ látọjọ́ yìí.

Ó ti ṣe nǹkan díẹ̀ látìgbà yẹn. Wọ́n ti yí iná òpó kan kọjú sílẹ̀, kò wọ yàrá wa bíi tàtẹ̀yìnwá. Ó ní òun á gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sápá títì, òun á sì mọ ògiri gíga sáàárín àwa àti páàkì, blọ́ọ̀kù ẹ̀ ti dé, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kù, tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ni kí wọ́n da kọnkéré sí ibi kan ṣoṣo tí wọ́n á ti máa tú ọ́ọ̀lì, kí gọ́tà yí i ká, kí gọ́tà yẹn wọnú kòtò tó máa gba epo kí omi òjò tó kọjá. Kì í ṣe nǹkan tí ẹnì kan dá sílẹ̀ lónìí. Òfin tó ní kí wọ́n yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá máa ṣe sí àyíká wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ti wà láti 1992, àjọ NMDPRA tó ń fún ilé epo níwèé àṣẹ látìgbà òfin epo ti 2021 náà sì wà. Ó ní ó máa ná òun lówó, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ó máa ná yín lówó. Baálé wa sọ fún un pé omi tí gbogbo abúlé ń mu ni. Ó ní òun á dá wa lóhùn. A ṣì ń retí.

Ní báyìí wọ́n tún ti rí sọ̀féyọ̀ lódìkejì títì. Hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó o, wọ́n fẹ́ ra kún un, ilẹ̀ ẹbí wa náà ni. Nígbà Àjíǹde tí gbogbo ará Abújá àti Èkó bá ti wálé, ẹbí á ṣèpàdé lórí ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti tètè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó má buwọ́ lu nǹkan kan, ó ti gbà, ó tún ti bá àwọn ọmọ ojúlé kejì sọ̀rọ̀. Mo ti kọ ohun tá a fẹ́ sínú ìwé: kí wọ́n kọ́kọ́ mú ẹni tó fẹ́ rà á wá rìn yí ilẹ̀ náà ká lójú gbogbo wa, kí wọ́n fi odò àti àpáta hàn án, kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ wà lára àwọn tó máa buwọ́ lùwé, kí wọ́n yọ àpáta àti ọ̀nà odò sílẹ̀ nínú títà pátápátá, kí ohunkóhun tí oníṣòwò bá ṣèlérí nípa omi àti iná wà nínú ìwé títà fúnra ẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu. Tí bàbá kékeré mi bá ní dandan àfi kí wọ́n tà á, kí wọ́n wá sùn sílé wa fún ọ̀sẹ̀ kan ná, nínú yàrá tó kọjú sí páàkì. Mo ti sọ fún wọn lórí fóònù, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn á ronú sí i.

Àwọn àgbà kan ti ń sọ pé kí màámi má da ara wọn láàmú wá sípàdé, pé èmi á ṣojú fún wọn. Màámi ní rárá o, àwọn ń lọ. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ sọ níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn kàn fẹ́ kí àwọn àbúrò ọkọ àwọn dá àwọn lóhùn, níbo ni kí àwọn máa sá èlùbọ́ sí.